Ilẹ̀kùn Kan Ni Mo Fẹ́ Ṣí

Alẹ́ Sátidé ni alẹ́ eré wa. Bí aago mẹ́sàn-án bá ti lù, tí àwọn ọmọ ti sùn, èmi á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nínú yàrá mi ní Bódìjà, n'Íbàdàn, àbúrò mi á jókòó sídìí tirẹ̀ ní Manchester, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kàwé l'Ábẹ́òkúta, tí àbúrò mi pàdé nídìí eré yìí kan náà, á sì dara pọ̀ mọ́ wa. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wá gbé ọkọ̀ òfurufú ogun. Bàbá wa ló kó ìfẹ́ ọkọ̀ òfurufú sí wa lára. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ó máa ń gbé wa lọ sí ẹ̀bá pápákọ̀ òfurufú tó wà ní Alákìà, a ó sì dúró títí ọ̀kan yóò fi balẹ̀ tàbí kó gbéra. Ọjọ́ mìíràn wà tí ilẹ̀ máa ń ṣú mọ́ wa níbẹ̀ láìrí ẹyọ kan.

Eré tí à ń ṣe ni IL-2 Sturmovik: 1946. Maddox Games ní Moscow ló ṣe é. Àkọ́kọ́ nínú ọ̀wọ́ eré náà jáde lọ́dún 2001, èyí tí wọ́n pè ní 1946 sì jáde ní ìparí ọdún 2006. Ọkọ̀ òfurufú gidi ni Il-2 tí wọ́n fi sọ eré náà lórúkọ. Òun ni ìjọba Soviet fi ja ogun àgbáyé kejì, wọ́n sì ṣe ju 36,000 lọ. Kò tíì sí ọkọ̀ òfurufú ogun mìíràn tí wọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn eré náà nítorí pé ó ti dàgbà, kò béèrè kọ̀ǹpútà olówó gọbọi, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe eré ọmọdé. Ẹni tó bá rò pé eré ọmọdé ni, kó gbé Il-2 tó ru bọ́ǹbù kúrò nílẹ̀, kó sì tún gbé e balẹ̀ láìfọ́.

Bí àwa ṣe ń ṣe é, kò sí iléeṣẹ́ kankan láàárín tó ń so wá pọ̀. Ọ̀kan nínú wa ló ń gbàlejò. Kọ̀ǹpútà ẹni náà ni ogun ti ń ṣẹlẹ̀, àwọn yòókù á tẹ àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀, wọ́n á sì wọlé bá a. Ọdún méjì gbáko ni àbúrò mi fi gbà wá lálejò láti Manchester, kò sì sí wàhálà. Nígbà tó di ọdún 2019, mo gba íntánẹ́ẹ̀tì tuntun, irú èyí tí wọ́n ń gbé rédíò rẹ̀ kọ́ sórí òpó lókè òrùlé. Ó yára ju ti fóònù lọ fíìfíì. Mo ní ó ti kàn mí láti gbàlejò. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, kò yẹ kí n máa kan ilẹ̀kùn àbúrò mi ní gbogbo alẹ́ Sátidé.

"Bọ̀ọ̀dá mi," àbúrò mi ní, "eléyìí ò kúkú bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká máa ṣe é bẹ́ẹ̀."

Mo ní rárá, ọ̀dọ̀ mi ni wọn yóò máa wá. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun kan tó bàjẹ́ tí mo ń tún ṣe.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo ṣí eré sílẹ̀, mo fi àdírẹ́ẹ̀sì mi ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà wọn ní òun ń wá mi, ó wá mi títí, ó ní òun kò rí mi. A tún un ṣe nígbà mẹ́wàá. Àbúrò mi béèrè bóyá ẹ̀yà eré kan náà ló wà lọ́wọ́ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé bí tẹnì kan bá yàtọ̀ díẹ̀ pẹ́rẹ́, eré náà kò ní gbà á wọlé. A yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀kan náà ni. A sùn lálẹ́ ọjọ́ náà láìgbéra.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa rẹ̀. Mo kọ́ pé kọ̀ǹpútà ní àwọn ojú ọ̀nà tí wọ́n fi nọ́ńbà dá mọ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rin, tí wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀tù. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. IL-2 ń gba 21000. Ráútà tó wà nílé ló dà bí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà: ohun tí ará ilé bá ránṣẹ́ lọ béèrè níta, yóò jẹ́ kó wọlé, ṣùgbọ́n àlejò tí ẹnikẹ́ni kò pè, yóò dá a padà. Nítorí náà, ẹni tó ń lọ sílé onílé kò nílò láti ṣí ohunkóhun nílé tirẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí n kò fi níṣòro kankan ní gbogbo ìgbà tí àbúrò mi ń gbà wá lálejò. Ẹni tó fẹ́ gbàlejò ló gbọ́dọ̀ sọ fún ráútà pé, ẹni tó bá béèrè 21000, mú un wá sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà báyìí. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni. Mo wọ inú ráútà, mo ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, mo sì ṣe é dáadáa.

Kò ṣiṣẹ́ síbẹ̀. Ni mo bá wá ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa ń bá ènìyàn wò bóyá pọ́ọ̀tù rẹ̀ ṣí. Mo tẹ 21000. Ó ní ó tì. Mo tún ráútà ṣe, mo pa á, mo tan án. Ó ní ó tì. Ọ̀sẹ̀ kan ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn fi ń lé mi kiri inú ilé ara mi.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí yìí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ojúlé bẹ́ẹ̀ ti ṣì lọ́nà. Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ máa ń gbà rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. TCP dà bí ìgbà tí o fi lẹ́tà rán ọmọ, tí o ní kó gba ìdáhùn padà wá: bí kò bá bá ẹni náà nílé, yóò tún padà lọ. UDP dà bí akéde: ó lu agogo, ó ké, ó kọjá lọ, kò dúró wo ẹni tó gbọ́ àti ẹni tí kò gbọ́. Eré ogun òfurufú ń lo UDP, nítorí pé ibi tí ọkọ̀ mi wà ní ìṣẹ́jú àáyá kan sẹ́yìn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó sàn kí èyí tó sọnù sọnù, kí tuntun tètè dé. Ọ̀pọ̀ àwọn ojúlé tó ń yẹ pọ́ọ̀tù wò ló jẹ́ pé TCP nìkan ni wọ́n ń kàn. Bí ilẹ̀kùn UDP mi tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, "ó tì" náà ni wọn yóò máa wí. Àyẹ̀wò tó dáhùn ìbéèrè tí n kò bi í ni mo gbára lé.

Ìbínú ni mo fi ṣe èyí tó kù. Mo pa firewall Windows, ẹ̀ṣọ́ inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, pátápátá, ó ní ó tì. Mo wá rí ibì kan nínú ráútà tí wọ́n ń pè ní DMZ. Bí o bá kọ nọ́ńbà kọ̀ǹpútà rẹ síbẹ̀, o ti sọ fún ẹ̀ṣọ́ pé kó lọ sùn: ẹni yòówù kó dé, ilẹ̀kùn yòówù kó béèrè, kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà yìí. Àlàyé tó wà lábẹ́ rẹ̀ kìlọ̀ pé ó léwu. Mo kà á, mo sì kọ nọ́ńbà mi síbẹ̀. Ojúlé náà ní ó tì.

N kò dá ìkankan padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Lójú mi, ohun tí kò ṣiṣẹ́ dà bí ohun tí n kò ṣe. Firewall wà ní pípa, DMZ wà ní títàn, èmi ti kọjá lọ sí ibòmíràn tí mo fẹ́ gbìyànjú. Ohun kan tún wà tí n kò tilẹ̀ rántí mọ́: ní oṣù mélòó kan ṣáájú, mo ti tan Remote Desktop sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà náà, kí n lè máa fi láptọ́ọ̀pù lò ó láti pálọ̀. Orúkọ tí mo fi ń wọlé ni admin. Pásíwọ́ọ̀dù mi ni Ibadan123. Èrò mi ni pé, ta ni yóò bá mi débẹ̀ nínú ilé mi?

Ìbínú yẹn kò mọ sórí ẹ̀rọ. Ní àwọn Sátidé tí mo ṣì ń kùnà, ọ̀dọ̀ àbúrò mi náà la ti ń ṣeré, ọkàn mi kò sì balẹ̀. Ọkọ̀ ọmọ Abẹ́òkúta yẹn máa ń pòórá níwájú ìbọn mi, á sì yọ lẹ́yìn mi bí ẹni pé iwin gbé e. Alẹ́ ọjọ́ kan, mo sọ ọ́ sí i létí pé màgòmágó ló ń ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò ṣe nǹkan kan."

Mo ní kó má purọ́ fún mi. Kò wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò sì wá ní èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn.

Nígbà tó pé oṣù kan, mo pe iléeṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún mi. Ọmọbìnrin tó gbé ìpè náà kò jẹ́ kí n rojọ́ tán. Ó ní kí n wọ inú ráútà, kí n ka nọ́ńbà tó wà níbi tí wọ́n kọ WAN sí. Mo kà á, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100.72. Ó ní kí n ṣí ojúlé kan tó ń sọ àdírẹ́ẹ̀sì tí ayé fi ń rí ènìyàn. Mo ṣí i. Nọ́ńbà mìíràn pátápátá ló wà níbẹ̀.

"Ẹ ṣé, sà," ó ní. "Àdírẹ́ẹ̀sì kejì yẹn, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ ni ín."

Àlàyé rẹ̀ rèé. Àwọn àdírẹ́ẹ̀sì irú èyí tí gbogbo wa ń lò jù, IPv4, kò ju bílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ lọ ní gbogbo ayé, fóònù àti kọ̀ǹpútà sì ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, iléeṣẹ́ á kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì kan. Láti oṣù kẹrin ọdún 2012 ni wọ́n ti ya gbogbo nọ́ńbà tó wà láàárín 100.64 àti 100.127 sọ́tọ̀ fún irú ìṣètò yìí. Bí o bá rí i lójú ráútà rẹ, inú ẹ̀sítéètì lo ń gbé, ẹ̀sítéètì náà sì ní géètì ńlá kan tí kì í ṣe ìwọ lo ni ín. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ńlá kò mọ inú ilé tí yóò mú àlejò tó béèrè 21000 lọ, nítorí náà yóò dá a padà. Oṣù kan ni mo fi bá ẹ̀ṣọ́ ilé mi jà, àwọn àlejò mi kò sì tíì kọjá géètì rárá. Àyẹ̀wò tí ọmọbìnrin náà ní kí n ṣe kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ó ní bí mo bá fẹ́, mo lè máa san owó díẹ̀ lé e lóṣooṣù, wọn yóò fún mi ní àdírẹ́ẹ̀sì tó jẹ́ tèmi nìkan. Àbúrò mi gbọ́, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ fowó yín sápò. Manchester ṣì wà níbẹ̀." Mo san owó náà.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n tẹ àdírẹ́ẹ̀sì mi, wọ́n sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Àbúrò mi ti bẹ ọmọ Abẹ́òkúta títí ó fi wá. Ojú òfurufú Crimea la gbéra sí. Àwọn méjèèjì gbé Il-2, wọ́n fò nílẹ̀ nílẹ̀ lórí òkun, èmi wà lókè wọn nínú ọkọ̀ òfurufú Yak, mò ń ṣọ́ wọn bí adìyẹ ṣe ń ṣọ́ ọmọ. Wákàtí mẹ́ta la fi ṣeré, ẹnikẹ́ni kò já. Bí mo ṣe dìde níbẹ̀, ìdùnnú mi dà bí ti ẹni tó ṣí ilé tuntun.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni pé géètì ńlá ti kúrò. Etí títì ni ilé mi wà báyìí. Ẹ̀ṣọ́ mi ń sùn, nítorí pé èmi ni mo ní kó lọ sùn. Firewall tó yẹ kó jẹ́ ilẹ̀kùn yàrá ti ṣí sílẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti ṣe láti oṣù kan, tí mo ní kò ṣiṣẹ́, géètì ẹlòmíràn ni kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ géètì yẹn, gbogbo wọn gbéra iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, n kò sì rántí ẹyọ kan nínú wọn.

Àwọn kan wà láyé tí kọ̀ǹpútà wọn kò níṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa kan ilẹ̀kùn gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì tó wà, tọ̀sán-tòru. Wọn kò mọ̀ mí, wọn kò bínú sí mi. Ọ̀kan nínú ilẹ̀kùn tí wọ́n fẹ́ràn jù ni 3389, ilẹ̀kùn Remote Desktop. Kì í ṣe pé n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, nígbà tí kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry jà káàkiri ju orílẹ̀-èdè 150 lọ, àbúrò mi ló pè mí láti Manchester pé àwọn ilé ìwòsàn níbẹ̀ ń dá aláìsàn padà nítorí kọ̀ǹpútà wọn ti kú. Mo kẹ́dùn fún wọn lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ìlú ẹlòmíràn ni mo sì kà á sí.

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹsàn-án tí mo gba àdírẹ́ẹ̀sì tuntun, mo tan ojú kọ̀ǹpútà láti wá ìwé kan. Kò ṣí. Òmíràn kò ṣí. Orúkọ gbogbo fáìlì ti gùn sí i, wọ́n fi àwọn lẹ́tà tí n kò mọ̀ kún ìdí wọn. Ìwé kékeré kan wà nínú gbogbo àpò fáìlì, èdè Gẹ̀ẹ́sì tó wọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́: àwọn ti ti gbogbo rẹ̀ pa, bí mo bá fẹ́ kọ́kọ́rọ́, kí n wá fi Bitcoin rà á. Àwọn ajínigbé ni, fáìlì ni wọ́n jí gbé.

Ìwé iṣẹ́ kò dùn mí púpọ̀, mo tún èyí tó pọ̀ nínú wọn kọ. Ohùn ìyá wa ló wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn. Ní ọdún 2016, nínú yàrá rẹ̀ ní Ìrágbìjí, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ki ilé baba rẹ̀ fún mi. Ó jókòó lórí ẹní, mo gbé fóònù sórí àpótí níwájú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń wo fóònù náà, ó ń tijú. Nígbà tó yá, ó gbàgbé pé ó wà níbẹ̀, ó sì ń kì í lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta. Èèyàn á gbọ́ ewúrẹ́ tó ń ké lẹ́yìnkùlé. Èèyàn á gbọ́ ibi tó ti ṣì í, tó rẹ́rìn-ín, tó sì tún padà mú un. Nígbà tí fóònù mi kún, mo kó o sínú kọ̀ǹpútà, mo pa á rẹ́ lórí fóònù. Màámi kú ní ọdún 2017. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ pé n ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa bá mi wò ó. Ó ṣí Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá tẹ pásíwọ́ọ̀dù tí kò tọ̀nà, ó máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà 4625. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún 4625 ló wà níbẹ̀, tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé. Èyí àkọ́kọ́ dé ní alẹ́ ọjọ́ kan náà tí wọ́n fún mi ní àdírẹ́ẹ̀sì. Nígbà tí àwa mẹ́ta ń fò lórí òkun Crimea, tí mo rò pé mò ń ṣọ́ àwọn àbúrò mi, wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn lọ́wọ́. Nígbà tó wá di òru Àìkú mọ́jú Mọ́ńdè, 4624 kan ṣoṣo wà láàárín wọn: ẹnì kan ti wọlé. Ibadan123 ló fi wọlé.

N kò san owó náà. Ẹni tí mo bi léèrè ní ọ̀pọ̀ ló ti sanwó tí wọn kò rí kọ́kọ́rọ́ gbà, èyí tí wọ́n bá sì rí gbà, owó rẹ̀ ni àwọn ajínigbé náà fi ń wá ẹlòmíràn. Mo yọ díísìkì náà, mo fi aṣọ wé e, mo gbé e sínú àpótí aṣọ mi. Iṣẹ́ kan wà tí ọlọ́pàá Netherlands àti Europol dá sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn iléeṣẹ́ méjì ní ọdún 2016, No More Ransom ni wọ́n ń pè é, ọ̀fẹ́ sì ni: bí wọ́n bá rí kọ́kọ́rọ́ irú ìjínigbé kan, wọ́n á gbé e síbẹ̀ fún ẹni tó bá nílò rẹ̀. Ọdọọdún ni mo ń lọ wò ó. Tèmi kò tíì sí níbẹ̀.

Ìpè tó le jù ni èyí tí mo pe Manchester. Ìyá àbúrò mi náà ni. Mo ní, "Mo ti pàdánù ohùn Màámi." Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí DMZ dé orí pásíwọ́ọ̀dù. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé ìlà ti já. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò bá mi wí. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ibòmíràn wo lẹ tún ti ń lo pásíwọ́ọ̀dù yẹn?" Ara mi bù máṣọ. Í-méèlì mi ni, àti ibi méjì mìíràn. Ó dúró lórí fóònù títí mo fi pààrọ̀ gbogbo wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àbúrò wa obìnrin tó wà ní Àkúrẹ́ ló gbà wá lọ́wọ́ òfo. Mo ti gé ìṣẹ́jú mẹ́rin ránṣẹ́ sí i rí lórí WhatsApp, kò sì pa á rẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀, ó sì já láàárín ọ̀rọ̀. Ó ti wà níbi mẹ́rin báyìí.

Àbúrò mi ló kọ́ mi ní bí a ṣe ń wá ohun tó já. Mo ra ìwé kékeré kan. Bí nǹkan kò bá so, mo kọ́kọ́ máa ń wá ibi tí ìdí rẹ̀ lè wà kí ọwọ́ mi tó dé ohunkóhun: ṣé kọ̀ǹpútà mi ni, ṣé ráútà ni, ṣé iléeṣẹ́ ni, ṣé ọ̀nà tó jìn ni, ṣé ọ̀dọ̀ ẹni tí mò ń lọ ni. Bí mo bá máa yí nǹkan kan padà, ẹyọ kan ni, mo sì kọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́, mo dá a padà kí n tó fọwọ́ kan òmíràn. Ìwé yẹn ni mo fi rí i pé ọmọ Abẹ́òkúta kò ṣe màgòmágó kankan. Mo ní kó ṣe ping sí Manchester, ìyẹn ni pé kó rán ìbéèrè kéékèèké lọ, kó sì ka ìdáhùn tó bá padà, ní ọjọ́ tí òjò ń rọ̀: nínú 100 tó rán lọ, 11 kò padà. Akéde tirẹ̀ ń ké, afẹ́fẹ́ sì ń gbé díẹ̀ lọ nínú ohùn rẹ̀. Bí ìròyìn ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ wà kò bá dé, kọ̀ǹpútà mi á méfò ibi tó yẹ kó wà. Bí òótọ́ bá wá dé lẹ́yìn náà, ọkọ̀ á fò lójijì lọ síbi tó wà ní ti gidi. Mo pè é, mo ní kó má bínú, mo ti parọ́ mọ́ ọn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti tán." Mo mọ̀ pé kò tán lọ́jọ́ náà. Ó pẹ́ kó tó tún máa bá mi rẹ́rìn-ín.

Manchester ló ń gbà wá lálejò títí dòní. Mo dá àdírẹ́ẹ̀sì tí mo ń sanwó fún padà. Ní alẹ́ tí àbúrò mi bá wà lẹ́nu iṣẹ́, èmi àti ọmọ Abẹ́òkúta máa ń lo ZeroTier, tó ń so kọ̀ǹpútà wa pọ̀ bí ẹni pé yàrá kan náà ni wọ́n wà, láìṣí ilẹ̀kùn kankan lójú ráútà. Ohun kan ṣoṣo ló gbà wá lákòókò: IL-2 lè lọ dúró síbi nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò yẹ bí kọ̀ǹpútà bá ní ju ẹyọ kan lọ. Nínú fáìlì conf.ini, níbi tí wọ́n kọ localHost sí, a ní láti kọ nọ́ńbà tí ZeroTier fún wa. A rí i ní alẹ́ kan, nítorí pé ẹyọ kan là ń yí padà lẹ́ẹ̀kan.

Ní Ọjọ́bọ, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, àbúrò mi wà ní ìsinmi, a sì ti sọ eré sí alẹ́ ọjọ́ náà. Kò sóhun tó so. Ọwọ́ mi ti ń lọ síbi ráútà kí n tó mú un padà. Mo ṣí ìwé mi. Mo ṣe ping sí ráútà, ó dáhùn. Mo ṣe é sí iléeṣẹ́, ó dáhùn. Mo ṣe é sí òkè òkun, ó dákẹ́. Mo pe ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ́ẹ̀ náà ni tirẹ̀ rí, iléeṣẹ́ mìíràn ló sì ń lò. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kì í ṣe inú ilé mi ni, mo tan rédíò. Wọ́n ní àwọn wáyà abẹ́ òkun ti já lẹ́bàá Abidjan, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló sì kàn.

Fóònù dún. Àbúrò mi ni, owó ara rẹ̀ ló fi pè mí láti Manchester, kì í ṣe WhatsApp.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ti fọwọ́ kan nǹkan kan?"

"Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ó mí kanlẹ̀. A sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ló ní kí n bá òun tẹ Màámi. Mo gbé fóònù kejì sún mọ́ èyí tó wà létí mi, mo tẹ ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn, àwa méjèèjì sì gbọ́ ọ títí dé ibi tó ti já.